Wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí etí títì wa: kí ni kí a béèrè kí ó tó le?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn) béèrè:

Mo kí gbogbo ilé o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí pé ọjọ́ ti ń lọ.

Wọ́n ń tún títì ṣe ní àdúgbò wa ní apá Ọ̀jọ́ọ̀. Wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ti da ìsàlẹ̀ àti ògiri rẹ̀, ó ku kí wọ́n fi kọnkéré pẹlẹbẹ bo orí rẹ̀, kí ó lè di ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa gbà. Ní ìpàdé àwọn onílé tí a ṣe lọ́jọ́ Sátidé, alága wa sọ pé ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ti gbà láti jókòó pẹ̀lú wa kí wọ́n tó da èyí tó kù, àti pé kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ béèrè kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan béèrè iná, àwọn kan béèrè ibi tí mọ́tò wọn yóò gbà wọlé. Èmi náà dìde, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n sọ tèmi, n kò rí i là kalẹ̀ ju pé kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti ọmọ mi mọ́ ọn."

Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 13. Táyé ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kò rìn láti kékeré, àga oníkẹ̀kẹ́ ni ó fi ń rìn ìrìn rẹ̀. Iléèwé kan náà ni wọ́n ń lọ, kò sì jìnnà, nítorí pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè lo ju ìṣẹ́jú 10 lọ láti ẹnu ọ̀nà wa dé géètì iléèwé. Àwọn ọmọ mi ń lo ìṣẹ́jú 35. Mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ kan láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí n lè rí ibi tí àkókò yẹn ń bá lọ. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́, Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ yí táyà, Táyé ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí kọnkéré orí gọ́tà àtijọ́ ti ga ju títì lọ, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Táyé á yí àga náà padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọjú sí ibi gíga, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á fà á sókè pẹ̀lú gbogbo agbára, àpò ìwé méjì á sì wà lọ́rùn òun nìkan. Ní ibì kan, àlàfo tó wà láàárín kọnkéré méjì gba táyà kékeré iwájú wẹ́kú. Ó wọ inú rẹ̀, àga náà dúró gbọin, ọmọ mi ṣí síwájú, ó fi ọwọ́ tilẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò sọ nǹkan kan fún mi; ẹ̀jẹ̀ ni mo rí lára ìwé ìṣirò rẹ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí ojú títì gan-an, tí wọ́n á máa bá Míkírà àti ọ̀kadà du ọ̀nà.

Kí ni mo lè bá ẹnjiníà sọ, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè fi tépù wọ̀n, tí kò fi ní rò pé àánú ọmọ ló ń ṣe mí lásán? Bí ó bá sì jẹ́ pé ohun kan tàbí méjì péré ni wọn yóò gbà fún wa, èwo ni kí n dì mú?

Awọ̀nlẹ̀ (Abẹ́òkúta) dáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń fi iṣẹ́ títì jẹun, nítorí náà mo lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹnjiníà yín kí ẹ tó rí i. Bí a bá ń ya àwòrán irú iṣẹ́ yìí, omi ni à ń rò: ibi tí àgbàrá yóò gbà, bí gọ́tà yóò ṣe jìn tó, bí ọ̀dà títì kò ṣe ní tètè hó. Ìdérí lásán ni kọnkéré orí gọ́tà jẹ́ lójú wa, àwọn ará àdúgbò ni ó ń sọ ọ́ di ọ̀nà. Èmi náà ti ya irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láìbi ara mi pé ta ni yóò gbà á kọjá, ó sì ń dùn mí nísinsìnyí. Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ sọ fún un ni pé ọ̀nà ni, kì í ṣe ìdérí, kí ó sì wọ̀n ọ́n bí a ti ń wọn ọ̀nà.

Ìdagẹ̀rẹ́ ló kàn. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ni 1 sí 12, ìyẹn ni pé bí ibì kan bá fi íǹṣì 1 ga, ìdagẹ̀rẹ́ tí yóò gbé ènìyàn dé orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó íǹṣì 12, ó kéré tán. Bí etí títì yín bá fi íǹṣì 6 ga, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ ó rí i pé ohun tí àwọn bíríkìlà wa máa ń ṣe ni pé wọ́n á bu kọnkéré tó ṣẹ́ kù sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n á fi kọ́bìrì fà á gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, wọ́n á ní àwọn ti ṣe é fún aláàbọ̀ ara. Ògiri kékeré ni ìyẹn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà gun irú rẹ̀ lè ṣubú sẹ́yìn, kí ó sì fi ìpàkọ́ lélẹ̀. Níbi tí ìdagẹ̀rẹ́ bá ti pàdé títì, kí wọ́n dọ́gba; ẹ má gbà kí wọ́n fi gíga "kékeré" sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé íǹṣì kan péré tó láti dá táyà iwájú dúró.

Mo rí i pé àwọn onílé béèrè ibi tí mọ́tò yóò gbà wọlé. Ẹ ṣọ́ ibẹ̀ gidigidi. Bí wọ́n bá gé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lulẹ̀ ní iwájú géètì kọ̀ọ̀kan, ọmọ yín yóò máa sọ̀ kalẹ̀, yóò máa gùn sókè, bí ọkọ̀ ojú omi, láti ilé dé iléèwé, kò sì sí ọwọ́ tó lè ṣe é lójoojúmọ́. Ohun tó yẹ ni kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ lọ gbọọrọ, kí ó jẹ́ mọ́tò ni yóò gun ìdagẹ̀rẹ́ kúkúrú láti ojú títì, tí yóò sì kọjá lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọ inú ilé. Ẹ́ńjìnnì ni mọ́tò ní, kò ní rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ṣá, kí kọnkéré níwájú géètì nípọn, kí irin inú rẹ̀ sì tó, kí mọ́tò má bàa fọ́ ọ.

Ní ti àlàfo tó gbá táyà Kẹ́hìndé mú, kò yẹ kí àlàfo tàbí ihò kankan lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ju ìdajì íǹṣì lọ. Kí wọ́n tẹ́ sìmẹ́ńtì sábẹ́ pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan kí ó má baà máa mì, kí wọ́n sì gé irin tí wọ́n fi ń gbé e sókè kúrò tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n máa ń gbàgbé irin yẹn, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ léṣe.

Kí ọ̀nà náà má fi ibì kankan dín ní ẹsẹ̀ bàtà 3, àní níbi tí òpó iná bá wà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbà, ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ó dára, kí àga méjì lè pàdé kí wọ́n sì kọjá ara wọn. Kí ó tẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ju íǹṣì 1 lọ nínú ẹsẹ̀ bàtà 4. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àga yóò máa fa ara rẹ̀ lọ sí ojú títì, ọwọ́ kan ni ọmọ yóò sì máa fi ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ.

Ẹ béèrè pé èwo ni kí ẹ dì mú. Ẹ má béèrè ohun rere káàkiri àdúgbò. Ẹ béèrè ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò já, láti ẹnu ọ̀nà yín dé géètì iléèwé. Bí ibi 9 nínú 10 bá dára tí ẹyọ kan burú, ibi ẹyọ kan yẹn ni yóò sọ bóyá ọmọ náà á dé tàbí kò ní dé.

Ọ̀pá Funfun (Ọ̀yọ́) dáhùn:

Mo kí Ìyá Ìbejì, mo kí Awọ̀nlẹ̀. Ọmọ mi ló ń ka ìwé yín sí mi létí, òun náà ló sì ń bá mi kọ èyí. Afọ́jú ni mí, ẹ má bẹ̀rù orúkọ náà. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí ojú mi lọ, ọ̀pá ni mo sì fi ń rìn láti ìgbà náà.

Gbogbo ohun tí Awọ̀nlẹ̀ sọ ni ó dára fún Kẹ́hìndé, n kò sì ní gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí yóò ṣe fún èmi bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Etí títì tó ga ni ògiri tèmi. Nígbà tí orí ọ̀pá mi bá bọ́ láti ibi gíga sí ibi tó rẹlẹ̀, ó ń sọ fún mi pé, "Dúró, títì ló kàn." Bí ẹ bá sọ ibẹ̀ di ìdagẹ̀rẹ́ 1 sí 12 tó rọra tẹ́ títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú títì, ẹsẹ̀ mi kò ní mọ̀ ọ́n, ọ̀pá mi náà kò ní mọ̀ ọ́n. Ìró fèrè ni yóò kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti wà láàárín ọkọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń tako ọmọ yín. Ará ilẹ̀ Japan kan tó ń jẹ́ Seiichi Miyake, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pàdánù ojú, ló ronú òkúta pẹlẹbẹ tó ní kókó lára ní 1965, wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sí ojú ọ̀nà ní ìlú Okayama, nítòsí iléèwé àwọn afọ́jú, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 1967. Oríṣi méjì ni a ń lò títí di òní. Èyí tó ní ìlà gbọọrọ tó yọ sókè ń sọ pé, "Máa bọ̀, ọ̀nà nìyí." Èyí tó ní kókó róbótó róbótó ń sọ pé, "Dúró, ewu wà níwájú." Bí wọ́n bá tẹ́ èyí tó ní kókó sí ìsàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ́, níbi tó ti fẹ́ wọ títì, ẹsẹ̀ mi yóò mọ̀ ọ́n láti inú bàtà, táyà Kẹ́hìndé yóò sì gorí rẹ̀ kọjá. Ibi ìsọ̀kalẹ̀ tirẹ̀ àti kókó tèmi, nǹkan kan náà ni. Kò yẹ kí a rí ọ̀kan láìrí èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́. Mo ti tẹ̀ lé ìlà gbọọrọ bẹ́ẹ̀ rí níwájú ilé ńlá kan, ó sì mú mi lọ tààrà sí ara òpó irin. Ẹni tó tẹ́ ẹ fẹ́ràn bí ó ṣe rí lójú, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni ó ń kọ sílẹ̀.

Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pá ń gbá, kò mọ ohun tó bá fò lókè. Etí páànù ṣọ́ọ̀bù, pátákó ìpolówó, ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n páàkì sí orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, abẹ́ wọn ni ọ̀pá mi ń gbà kọjá, iwájú orí mi ni ó sì ń rí wọn. Kí ohunkóhun má yọ sí orí ọ̀nà náà bí kò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Etí ni mo sì fi ń sọdá títì. Mo máa ń dúró, màá gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń bọ̀, màá mọ ìgbà tí ó dákẹ́. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí ẹnu oríta, tó ń pariwo láti àárọ̀ dé alẹ́, ó ti fọ́ ojú kejì tí mo ní.

Níkẹyìn, gọ́tà. Ní ọjọ́ ìmọ́tótó, àwọn ènìyàn máa ń ṣí pẹlẹbẹ kúrò láti kó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Wọn kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó o tán, wọ́n á da ìdọ̀tí náà sí etí ibẹ̀ kí ó lè gbẹ, wọ́n á fi ibẹ̀ sílẹ̀ gbayawu di ọjọ́ kejì. Ọ̀nà tí mo ti gbà fún ọdún mẹ́fà, tí mo mọ iye ìṣísẹ̀ rẹ̀, ni mo ti já sínú gọ́tà bẹ́ẹ̀, tí egungun ẹsẹ̀ mi sì ṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé yín fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹnjiníà kò lè ṣe ìyẹn fún yín.

Ará Peckham (Lọ́ńdọ̀nù) dáhùn:

Ẹ kú àárọ̀ níbẹ̀. Ohun tí Ọ̀pá Funfun sọ nípa etí títì ti dá ìjà sílẹ̀ níbí. Wọ́n tún òpópónà kan tó ń jẹ́ Exhibition Road ṣe, wọ́n sì parí rẹ̀ ní òpin 2011; wọ́n yọ etí títì kúrò pátápátá, wọ́n ní kí ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ jọ máa pín ilẹ̀ kan náà, kí wọ́n máa wo ojú ara wọn. Ó dára púpọ̀ lójú àwọn ayàwòrán ilé. Àwọn afọ́jú ní, báwo ni àwọn ṣe fẹ́ wo ojú awakọ̀? Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i ní àwọn ìlú mìíràn, àwọn afọ́jú kò sì dákẹ́, títí ìjọba fi ní kí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú dáwọ́ irú iṣẹ́ náà dúró ná ní 2018. Lẹ́yìn tí owó ti lọ ni wọ́n ń gbọ́ ohun tí wọn ì bá ti béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, mo yìn yín gan-an pé ẹ béèrè nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kékeré kan tí mo fẹ́ràn. Níbi tí a ti ń sọdá títì níbí, àpótí kan wà lára òpó, tí a máa ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí iná lè dá ọkọ̀ dúró. Lábẹ́ púpọ̀ nínú àwọn àpótí náà, níbi tí ojú kò dé, irin ṣóńṣó kékeré kan wà tó lálà lára, tí kò ju orí ìka lọ. Bí iná bá ti fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè, irin yẹn á máa yí. Ẹni tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn pàápàá, yóò fi ìka mú un, yóò sì mọ̀ pé ó ti tó àkókò. Ìyá mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú, ojú wọn ti ṣú, wọ́n sì máa ń di apá mi mú títí ó fi ń dùn mí bí a bá fẹ́ sọdá. Mo mú ọwọ́ wọn lọ sí abẹ́ àpótí náà. Nígbà tí ó yí, wọ́n ní, "Ó ti ń yí o!" Láti ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n máa ń sọ fún mi pé ó yá.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan dára tán níbí o. Àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ dí ibi ìsọ̀kalẹ̀, wọ́n ń gbé àpótí ìdọ̀tí sí àárín ọ̀nà. Bí wọ́n bá bá yín da kọnkéré náà dáadáa, ẹ ó ṣì máa ṣọ́ ọ.

Akọ̀wé Òfin (Èkó) dáhùn:

Ìyá wa, ẹ má lọ bá wọn bí ẹni tó ń tọrọ. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, òfin 2018, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019. Ó dárúkọ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ibi ìsọdá títì, ó ní kí wọ́n ṣeé lò fún aláàbọ̀ ara, títí kan ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ àti ẹni tí kò ríran. Ọdún 5 ni ó fún gbogbo ènìyàn láti tún ilé àti ohun gbogboogbò tó ti wà tẹ́lẹ̀ ṣe, ọdún 5 náà sì ti pé láti oṣù kìn-ín-ní 2024. Iṣẹ́ tiyín kì í tilẹ̀ ṣe ohun àtijọ́. Tuntun ni wọ́n ń ṣe. Ní Èkó níbí, a ti ní òfin tiwa láti 2011, pẹ̀lú ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàǹdá ẹ̀dá.

Ẹ kọ ìwọ̀n tí Awọ̀nlẹ̀ là kalẹ̀ yẹn sínú lẹ́tà, kí alága ẹgbẹ́ onílé fọwọ́ sí i, kí ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan kí ẹ mú un bọ̀ wálé. Ọ̀rọ̀ ẹnu rọrùn láti gbàgbé.

Oníbúrẹ́dì (Ìbàdàn) dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, nítorí pé orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ni mo ti ń tajà. Inú wa kì í dùn láti dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. N kò lówó ṣọ́ọ̀bù, ibi tí ẹsẹ̀ bá sì ń kọjá ni búrẹ́dì ti ń tà. Bí ẹnjiníà bá da ọ̀nà náà tán tí kò sọ ibi tí a óò dúró sí, a ó dúró sí ibi tó bá wù wá, ẹni tó kọ́kọ́ dé yóò sì gba ibi tó fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá fi ẹsẹ̀ bàtà 8 fẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀dà ya ìlà sí i, kí wọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ti ẹlẹ́sẹ̀, 3 tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ti ọlọ́jà. Àwa fúnra wa ni a ó máa bá ẹni tó bá kọjá ìlà wí. Oníbàárà mi kan ń fi ọ̀pá méjì rìn. Èmi ni mo máa ń sáré lọ bá a lójú títì, nítorí pé kò rí ibi gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fẹ́ kí ó lè wá fúnra rẹ̀, kí ó yan búrẹ́dì tó wù ú.

Awọ̀nlẹ̀ tún kọ ọ́ pé:

Ọ̀pá Funfun, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. N kò mẹ́nu ba kókó yẹn rárá, kò sì yẹ kí n gbàgbé rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ fi èyí kún un. Kí ilẹ̀ oníkókó náà gba gbogbo ìbú ibi ìsọ̀kalẹ̀, kí ó sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ẹni tó ń rìn kíákíá má baà fi ìṣísẹ̀ kan fò ó dá. Kí etí títì ga bó ṣe yẹ ní gbogbo ibi tó kù, kí ọ̀pá lè máa tẹ̀ lé e. Kí ibi ìsọ̀kalẹ̀ òdìkejì kọjú sí tiyín gan-an. Bí wọ́n bá ṣe é sí kọ̀rọ̀ oríta tí títì ti ṣẹ́po, àárín oríta ni yóò dojú afọ́jú àti àga kọ.

Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òun kò rí òkúta oníkókó rà, kò le. Kókó kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ìdérí ìgò míńírà, gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 5, àárín ọ̀kan sí àárín èkejì sì jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 2 ààbọ̀. Kápẹ́ńtà lè gbẹ́ ihò bẹ́ẹ̀ sínú pákó, kí wọ́n fi òróró pa á, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ kọnkéré nígbà tó ṣì tutù. Kí wọ́n dán an wò lórí pẹlẹbẹ kan ṣáájú.

Ìyá Ìbejì tún kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run yóò máa tọ́jú ẹ̀yin náà.

A ti rí ẹnjiníà. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi, tépù wà lọ́wọ́ Táyé, Kẹ́hìndé sì wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé mo pinnu pé n kò ní máa ṣàlàyé ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹnjiníà kà á tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí Kẹ́hìndé fi ibi tó ṣòro jù hàn òun. A jọ lọ sí ibi àlàfo yẹn. Ọmọ mi fi ìka rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ní, "Sà, táyà mi fẹ̀ ju ìka mi lọ díẹ̀, ihò yìí sì gba méjì." Ẹnjiníà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ó gba ti ìdagẹ̀rẹ́ 1 sí 12 ní oríta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà láàárín ilé wa àti iléèwé, ó gba ti àlàfo, ó gbà kí ọ̀nà tẹ́ gbọọrọ níwájú àwọn géètì. Onílé méjì fàyà gbọ́n-ún pé mọ́tò àwọn kò ní lè gùn ún, ṣùgbọ́n ó ya á sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì dákẹ́. Ti òpó iná kan ni kò lójútùú: ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun kò láṣẹ láti gbé e kúrò. A ti kọ lẹ́tà mìíràn sí àwọn tó ni ín. Ìlà ọ̀dà tí Oníbúrẹ́dì sọ, alága ní ẹgbẹ́ ni yóò ra ọ̀dà náà.

Bàbá Ọ̀pá Funfun, tiyín ló kù. Ẹnjiníà kò tíì ṣe kókó rí, ṣùgbọ́n ó ní bí a bá mú pákó rẹ̀ wá, òun yóò lò ó. Kápẹ́ńtà àdúgbò wa ti gbẹ́ ẹ. Wọ́n dán an wò lórí pẹlẹbẹ kan lánàá. Èmi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dà bíi pé mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èmi ń fojú rí i, n kò lè gba ara mi gbọ́. Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò da oríta àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́ kò jìnnà sí Ọ̀jọ́ọ̀. Bí ara bá gbà yín, ṣé ẹ lè bá wa wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kí ẹ wọ bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ jáde, kí ẹ mú ọ̀pá yín lọ́wọ́, kí ẹ sọ fún kápẹ́ńtà bóyá kókó náà ga tó? Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ wà lọ́rùn mi. Táyé àti Kẹ́hìndé ní àwọn yóò wá pàdé yín ní gáréèjì.